Ẹni tó ń lọ sí Gorée, aago ọkọ̀ ojú omi ni kó kọ́kọ́ béèrè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn èèyàn wa tó wà ní Àbújá, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò sọ̀rọ̀ kí àsìkò ìsinmi tó wọlé dé. Àsìkò yìí ni àwọn tọkọtaya, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sálásí máa ń dá owó jọ pé àwọn fẹ́ lọ najú síbì kan fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Dubai ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu, wàhálà físà á sì ti sú wọn kí wọ́n tó kúrò nílé.

Erékùṣù kan wà létí òkun Dakar, ní orílẹ̀-èdè Senegal, tí wọn kì í béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà kó tó dé ibẹ̀. Gorée ni orúkọ rẹ̀. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí ọ̀kadà, kò sí kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Gígùn rẹ̀ kò pé kìlómítà kan, ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 300 mítà, àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ kò sì pé 2,000. Lọ́dún 1978 ni UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ó sì wà nínú méjìlá àkọ́kọ́ pàá. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fèrè mọ́tò ní Nyanya láàárọ̀ Monday, tó wá jí ní Gorée, tó jẹ́ pé ìgbì òkun àti ìgbálẹ̀ tó ń gbá yanrìn ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń gbọ́, ara rẹ̀ á sọ ìyàtọ̀ fún un.

Ohun tó ń dùn mí ni bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣètò ìrìn-àjò náà. Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó bá ti wọ́n díẹ̀ níye, wọ́n á san owó yàrá, wọ́n á ní tí àwọn bá débẹ̀ àwọn á wá mọ́tò. Mọ́tò wo? Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn náà ló ń gbé búrẹ́dì, omi inú ọ̀rá, gáàsì ìdáná àti aláìsàn. Bí ó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Nítorí náà, kì í ṣe Àbújá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èbúté Dakar, kí ẹ máa kà á bọ̀ wá sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Pápákọ̀ òfurufú Blaise Diagne, tí wọ́n ṣí ní December 2017, kò sí nínú ìlú Dakar. Ìtòsí Diass ló wà, nǹkan bí 50 kìlómítà sí àárín ìlú. Ká ní bàálù yín balẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ìmígíréṣọ̀n àti ẹrù. Takisí á gba wákàtí kan bí ọ̀nà bá dá, á gba méjì bí ó bá bọ́ sí àsìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń relé. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i fún ìlà tíkẹ́ẹ̀tì. Aago méje ààbọ̀ ti lù nìyẹn, ẹ kò tíì fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi. Ogún ìṣẹ́jú péré ni ìrìn orí omi fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òru lẹ óò wọ erékùṣù, ẹ óò máa fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ojú ilé tí ẹ kò mọ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá fi hàn pé ẹ óò balẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ má sáré lé ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ sùn sí Dakar, kí ẹ sọdá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ bàálù láti ọ̀dọ̀ wa ló máa ń dúró ní Lomé tàbí Abidjan kó tó dé Dakar, ìdádúró wákàtí kan ní ibi ìyípadà yẹn sì tó láti da gbogbo ìṣirò rú. Aago ti Senegal tún fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Ẹ yí aago ọwọ́ yín padà kí ẹ tó kúrò nínú bàálù.

Ẹlòmíì á ní òun á gba ọ̀nà ilẹ̀, láti Sókótó bọ́ sí Niamey, kó máa lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Niger, Burkina Faso àti Mali ti jáde kúrò nínú ECOWAS láti 29 January 2025, ewu ọ̀nà náà kò sì ṣeé fi ìsinmi dán wò.

Ní ti ìwé: Senegal ṣì wà nínú ECOWAS, nítorí náà ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tó ṣì ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán lórí tó fún 90 ọjọ́. Ohun tó ń dá èèyàn padà jù ni káàdì yẹ́lò. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kó tó di èyí tí wọ́n á kà sí, ẹni tó bá lọ gbà á ní ọjọ́ Tuesday nítorí bàálù ọjọ́ Friday ti pẹ́. Ọ̀dọ̀ Port Health, àwọn elétò ìlera ìjọba ní ibodè, ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ rí i pé orúkọ inú káàdì bá ti inú ìwé ìrìnnà mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ má gba èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà láìgún abẹ́rẹ́. Ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ náà rí kò nílò òmíràn. Láti 2016 ni àjọ WHO ti fi lélẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Bí ìyá tàbí bàbá nìkan bá ń mú ọmọ lọ, kí ẹnì kejì kọ ìwé àṣẹ, kó fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ tì í.

Ibi owó ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà mí, nítorí ibẹ̀ ni àwa ará àríwá ti ń ṣìnà jù. Sẹ́fà (CFA) ni owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́fà méjì ló wà. Ọ̀kan ni ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Benin, Togo, Niger àti Senegal ń ná. Èkejì ni ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí Cameroon, Chad àti Gabon ń ná. Iye kan náà ni wọ́n, orúkọ kan náà ni a ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti Cameroon wá, ọlọ́jà Dakar kò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ àwọn àbókí tó ń ṣẹ́ owó ní Wuse Zone 4 ń ta méjèèjì, torí oníbàárà wọn ń lọ sí N'Djamena, ó sì ń lọ sí Cotonou. Bí ẹ bá kàn ní "sẹ́fà ni mo fẹ́", èyí tó bá wà lọ́wọ́ ni wọ́n á kà fún yín, kì í sì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ẹ mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Tiwa, ti Ìwọ̀-oòrùn, ni wọ́n kọ "Banque Centrale des États de l'Afrique de l'Ouest" sí, ó sì ní àmì ẹja kan tí imú rẹ̀ gùn, tó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ayùn. Lẹ́tà kan máa ń wà lára nọ́ńbà rẹ̀ tó ń sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síta: K ni ti Senegal, B ni ti Benin, T ni ti Togo, H ni ti Niger. Lẹ́tà yòówù kó jẹ́ nínú wọn, ẹ lè ná an ní Gorée. Bí ẹ bá rí "Afrique Centrale", ẹ dá a padà fún àbókí náà pẹ̀lú ẹ̀rín.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ gbé yúrò dání. Wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ yúrò pinpin: yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Yúrò 100 jẹ́ 65,595 sẹ́fà, nítorí náà ẹni tó bá fún yín ní 60,000 ti yọ tirẹ̀ jù. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí owó kéékèèké ní Dakar, ti 1,000 àti 2,000, kí ẹ tó dé èbúté. Ẹ má fọkàn tẹ ATM lórí erékùṣù, ẹ má sì rò pé káàdì náírà yín á ṣiṣẹ́ níbi gbogbo.

Èbúté náà kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè Dakar, níbi tí ọkọ̀ ojú irin TER láti Diamniadio ń parí sí. Àwọn awakọ̀ takisí mọ̀ ọ́n bí ẹ bá ní "embarcadère Gorée". Chaloupe ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ojú omi náà. Ẹ mú ìwé ìrìnnà gan-an lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀dà. Owó ọmọ Senegal yàtọ̀, ti ọmọ Áfíríkà tó ń gbé Senegal yàtọ̀, ti àlejò láti òkèèrè ló ga jù, ó sì máa ń tó 5,000 sẹ́fà lọ sókè. Tàlọ-tàbọ̀ ni, ẹ má ju tíkẹ́ẹ̀tì nù. Wọ́n tún máa ń gba owó orí àlejò díẹ̀ bí ẹ bá gúnlẹ̀. Aago ọkọ̀ ọjọ́ Sunday kì í ṣe ti ọjọ́ iṣẹ́, ìgbì tó le tàbí àtúnṣe ọkọ̀ sì lè yẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹ ya àwòrán pátákó aago ọkọ̀ tó wà lẹ́nu géètì sínú fóònù yín ní gbàrà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ yín lórí ìlà tó ní òun mọ̀ yín, tàbí pé ará ilé àlejò yín ni òun, ẹ béèrè káàdì atọ́nà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ kọjá.

Ọjọ́ wo ló dára? Ẹ má wọ̀ ọ́ ní Sunday, torí ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ Dakar máa ń rọ́ lọ sí etíkun kékeré ẹ̀gbẹ́ èbúté. Ẹ má sì fi Monday ṣe ọjọ́ ìwoǹran, torí Ilé Àwọn Ẹrú, ilé àtijọ́ tí gbogbo àlejò ń lọ wò, kì í ṣí ní Monday. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín ni kí ẹ wọlé ní ọ̀sán Tuesday tàbí Wednesday, kí ẹ sun oorun alẹ́ méjì. Ẹni tó bá lọ fún wákàtí mẹ́ta péré, àárín ọ̀pọ̀ èrò ló máa wà látìgbà tó bá gúnlẹ̀ títí tó máa fi wọkọ̀. Lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni àlejò ojúmọ́ máa ń padà, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù ni wọn kì í tíì dé. Àwọn wákàtí wọ̀nyẹn ni Gorée fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sùn síbẹ̀ nìkan ló sì ń rí i.

Òjò ibẹ̀ máa ń wà láàárín July sí October, August àti September ló sì ń pọ̀ jù. Ẹ̀fọn náà ń pọ̀ nígbà náà. November sí May ni ilẹ̀ gbẹ. Ní December sí February, atẹ́gùn òkun máa ń mú lálẹ́ ju bí ẹni tó ń rò ó pé etíkun gbígbóná lòun ń lọ ṣe rò. Ẹ mú súẹ́tà kan dání.

Báàgì tó ní táyà kò wúlò. Yanrìn àti òkúta ló kún ojú ọ̀nà, àtẹ̀gùn sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Yanrìn á wọ inú táyà náà, á há, ẹ óò sì máa wọ́ ọ bí ẹni wọ́ ẹran. Báàgì ẹ̀yìn kan fún ẹnì kan, kó má ju kílò 8 sí 10 lọ. Bàtà tó fara mọ́ ẹsẹ̀ kan, sálúbàtà kan. Ẹnu ṣájà wa onírin mẹ́ta onígun kì í wọ ihò iná wọn, torí ihò róbótó méjì ni tiwọn. Ẹ ra adápítọ̀ méjì ní Wuse kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má lọ máa fi bírò kọ́ ihò iná níbẹ̀. Agbára iná kò yàtọ̀ sí tiwa.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń mú bàbá àti ìyá lọ fetí sí èyí. Ibi tí mọ́tò kò sí, áḿbúláǹsì kò sí. Bí ara àgbàlagbà bá yí padà lóru, ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé e lọ sí ọsibítù Dakar. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ pé iye ọjọ́ ìrìn-àjò, kí ẹ fi ti ọjọ́ mẹ́ta lé e, kó sì wà nínú báàgì ọwọ́. Ẹ mú oògùn ibà, ORS àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá dání. Àtẹ̀gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó san owó: mélòó ni láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá? Ẹ tún béèrè ẹni tó máa wá pàdé yín ní èbúté àti bóyá iye orí èèyàn ni owó náà tàbí ti yàrá. Ilé àlejò kò pọ̀, yàrá inú wọn kò sì pọ̀, nítorí náà ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà sílẹ̀, kí ẹ san àsansílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ san ìyókù níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ju èèyàn mẹ́wàá lọ, kí wọ́n pín ara wọn sí ilé méjì tàbí mẹ́ta.

Ilé Àwọn Ẹrú, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1776, ni ibi tí gbogbo èèyàn ń lọ. Ògiri rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àtẹ̀gùn méjì yípo bí ìwo àgbò lọ sókè, yàrá tóóró sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ìparí ọ̀nà àárín ilé, ilẹ̀kùn kan wà tó ṣí sójú òkúta àti òkun. Nelson Mandela dé ibẹ̀ lọ́dún 1991, Póòpù John Paul Kejì dé ibẹ̀ ní 1992, Barack Obama ní 2013. Ẹ lọ ní gbàrà tí wọ́n bá ṣí i, torí wọ́n máa ń tì í lọ́sàn-án fún ìsinmi. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan fún àwọn èèyàn wa tó máa ń sunkún níbẹ̀ pé ẹnu ilẹ̀kùn yìí ni wọ́n gbà kó baba ńlá àwa Yorùbá lọ. Ẹkún náà kò burú. Àmọ́ Ouidah àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, àti Àgbádárìgì àti Èkó ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ àwọn baba rẹ̀, kó dé Àgbádárìgì pẹ̀lú, kó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, kó rin ọ̀nà yanrìn yẹn dé etí òkun. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́wàá, ẹ fi í sílẹ̀ ní etíkun pẹ̀lú ẹnì kan. Ìròyìn inú ilé náà wúwo fún un.

Òkè tí wọ́n ń pè ní Castel kò ga, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni kí àgbàlagbà gùn ún, kí oòrùn tó mú. Ìbọn ńlá àtijọ́ wà lórí rẹ̀, igi oṣè náà wà, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ń ya àwòrán lójú ọ̀nà. Etíkun ẹ̀gbẹ́ èbúté nìkan ni kí ẹ ti lúwẹ̀ẹ́. Ìyókù etí erékùṣù náà òkúta ni, ìgbì ibẹ̀ á sì gbé èèyàn lù ú.

Oúnjẹ kò ní dààmú yín. Ceebu jën, ìrẹsì àti ẹja inú ìkòkò kan, ni oúnjẹ ọ̀sán wọn. Ẹ ti sọ fún onílé ní àárọ̀ bí ẹ bá máa jẹun alẹ́, torí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ èbúté máa ń palẹ̀ mọ́ bí àlejò bá ti padà. Bissap tí wọ́n máa gbé fún yín, zobo wa náà ni, ìṣápá pupa. Bouye ni omi inú èso oṣè, igi tí àwọn Hausa ń fi ewé rẹ̀ se miyan kuka. Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun: "Salaam aleekum" ló ń ṣílẹ̀kùn, "jërëjëf" ni ẹ ṣeun, "ñaata la?" ni èló ni, "wàññi ko" ni ẹ dín in. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà láìkí ọlọ́jà, iye tí wọ́n máa pè fún un á yàtọ̀.

Ní ọjọ́ àbọ̀, ẹ má sùn sórí erékùṣù bí bàálù yín bá máa gbéra kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sùn sí Dakar. Bí bàálù bá jẹ́ ti alẹ́, ọkọ̀ tó ń gbéra ní àárín ọ̀sán ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì ti bá onítakisí ṣe àdéhùn iye owó lórí WhatsApp ní àná ọjọ́ náà, kó máa dúró dè yín lẹ́nu géètì èbúté.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Garki, Àbújá